Ta Ló Se Oúnjẹ Ojú Àlá?

Ẹni tó bá jẹun lójú àlá nílẹ̀ Yorùbá kì í fi ẹ̀rín jí. Bó ṣe ń lajú ni yóò ti máa tu itọ́ ẹnu rẹ̀ dànù. Àwọn kan á mu omi àdúrà, àwọn kan á ti ìka bọ ọ̀fun kí wọ́n lè bì, ẹlòmíràn á fi àárọ̀ ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá oúnjẹ náà dùn. Iyán ojú àlá lè kúná, kí ẹran ìgbẹ́ sì kún ọbẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ń já ẹni láyà ni ọwọ́ tó gbé e wá. Ta ló sè é? Kí ló fi sí i? Èé ṣe tó fi jẹ́ òru ló yàn láti ṣe wá lálejò?

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti òpè. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ń béèrè rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ló yàtọ̀: ibo ni ohun tí à ń rí lójú àlá ti ń wá, ta ló ń kó o jọ, nítorí kí ni? Mo fẹ́ tẹ̀ lé oúnjẹ yìí débi tó bá gbé wa dé, torí nínú gbogbo àlá tí à ń lá, òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín ẹbí.

Nílẹ̀ Austria, ọmọbìnrin kékeré kan wà tó ń jẹ́ Anna, ọmọ oṣù 19. Ó bì láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì fi ebi pa á títí ilẹ̀ fi ṣú kí inú rẹ̀ lè rọlẹ̀. Obìnrin tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ní èso sitirọ́bẹ́rì tó jẹ ní àjẹjù ló fà á. Nígbà tó di òru, Anna bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ látinú oorun. Ó pe orúkọ ara rẹ̀, ó wá ń ka oúnjẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sitirọ́bẹ́rì tí wọ́n fi bá a wí gan-an ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó fi ẹyin díndín àtàwọn nǹkan mìíràn kún un. Bàbá ọmọ náà ni Sigmund Freud, dókítà àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ sínú ìwé tó kọ lórí ìtumọ̀ àlá, èyí tó jáde ní oṣù November 1899 ṣùgbọ́n tí òǹtẹ̀wé kọ 1900 sí lára. 600 ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi tà á tán.

Ìdáhùn Freud kò ṣòro: ọmọ tí ebi ń pa ló se oúnjẹ ara rẹ̀. Ohun tí a fi du ọkàn lọ́sàn-án ni ọkàn ń fún ara rẹ̀ lóru. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, èmi ì bá máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ó ní àlá àgbàlagbà a máa pa ara dà, pé ohun tí a rí kì í ṣe ohun tí à ń wá, pé bí a bá tú ìdí rẹ̀ wò, ìfẹ́ kọ̀rọ̀ la ó bá níbẹ̀, tó sì sábà máa ń jẹ mọ́ ìbálòpọ̀. Ìtumọ̀ tí kò sí àlá kankan tó lè já a nírọ́ kò yàtọ̀ sí ti wòlíì tó jẹ́ pé aráalé ló ń rí nídìí gbogbo àlá.

Wàhálà kan sì wà tí Freud kò lè bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Dókítà yìí kò rí àlá ẹnikẹ́ni rí; ohun tí ẹni tó ti jí rántí, tó sì fẹ́ sọ, nìkan ló ń gbọ́. Ó di àárín ọ̀rúndún tó kọjá kí ẹnikẹ́ni tó yọjú wo inú ajá.

Ní Yunifásítì Chicago, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò rówó ná, Eugene Aserinsky, rí ẹ̀rọ àlòkù kan tó ń kọ ìgbì iná inú ọpọlọ sórí bébà. Ó lẹ okùn ẹ̀rọ náà mọ́ orí àti ẹ̀gbẹ́ ojú Armond, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó sì jókòó tì í títí tó fi sùn. Nígbà tó pẹ́, kálámù ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ju ara rẹ̀ kiri lórí bébà. Ẹyinjú ọmọ tó ti sùn fọnfọn ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ ìpéǹpéjú, ọpọlọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ bíi ti ẹni tó lajú sílẹ̀. Aserinsky kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ní 1953, òun àti ọ̀gá rẹ̀, Nathaniel Kleitman, tẹ ohun tí wọ́n rí jáde: bí wọ́n bá jí ènìyàn nígbà tí ẹyinjú rẹ̀ ń sáré, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ìgbà ni yóò ní àlá lòun ń lá. Oorun yìí ni ayé ń pè ní REM.

Láti ìgbà yẹn la ti mọ bí òru ṣe ń rìn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn á kọ́kọ́ rì sínú oorun ìjìnlẹ̀ tí ọpọlọ ti ń lọ jẹ́jẹ́. Nígbà tó bá tó nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú, á gòkè wá sínú REM fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni yóò yí i bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, REM á sì máa gùn sí i ní gbogbo ìgbà tó bá padà wá, débi pé ti ìdájí lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àlá ìdájí ló máa ń gùn, tó ń ní orí àti ìdí. Ìpè àdúrà agogo márùn-ún sì sábà máa ń ká ènìyàn mọ́ àárín rẹ̀ gan-an, ìyẹn ni a fi ń rántí rẹ̀ ju ti àkọ́sùn lọ. Àgbàlagbà ń lo bí ìdámẹ́rin oorun rẹ̀ nínú REM, tàbí kó dín díẹ̀. Ìkókó ń lo ìdajì. Ọmọ ìkókó tó rẹ́rìn-ín lójú oorun, tí ìyá rẹ̀ ní ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré lọ́run, inú REM ni ẹ̀rín yẹn ti sábà ń wá.

Ẹni tó bá ní òun kì í lálàá rárá, ó sábà máa ń lá. Ó ń gbàgbé ni. Kẹ́míkà tó ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti fi nǹkan pamọ́, noradrenaline, a máa lọ sílẹ̀ pátápátá ní àsìkò REM. Bí ènìyàn kò bá ta jí láàárín àlá tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Michel Jouvet ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, ló wá rí ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ní 1959, ó ṣàkíyèsí pé bí ẹyinjú ológbò tó ń sùn bá ti ń sáré, ọrùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Ìdí ọpọlọ ló ń dí ọ̀nà mọ́ àṣẹ tó yẹ kó lọ sí iṣan ara, kí ẹni tó ń sáré lójú àlá má bàa fi orí sọ ògiri. Nígbà tó yá, Jouvet ba ibi kékeré tó ń dí ọ̀nà náà jẹ́ lára àwọn ológbò kan. Àsìkò àlá tó. Ológbò dìde látinú oorun, ó ba, ó fò mọ́ ẹran tí kò sí níbẹ̀, ó fi èékánná jà, kò sì ka ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an sí. Ní 2001, Kenway Louie àti Matthew Wilson ní MIT, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ka iná ọpọlọ eku tó ń sáré lójú ọ̀nà kan láti lọ jẹ oúnjẹ. Nígbà tí eku sùn tó wọ REM, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tan lọ́sàn-án tún ń tan ní ẹsẹẹsẹ kan náà, débi pé àwọn tó ń wò ó lè fọwọ́ tọ́ka sí ibi tí eku dé lójú ọ̀nà. Eku ń lọ jẹun lójú oorun, kò sì fura sí ìyá ọkọ kankan.

Ti ènìyàn náà ti ń yọjú. Ní Kyoto, nílẹ̀ Jàpáànù, Yukiyasu Kamitani àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ wo àwọn mẹ́ta kan bí wọ́n ṣe ń wọnú oorun, wọ́n sì kọ́ kọ̀ǹpútà láti sọ irú ohun tí wọ́n ń rí: ènìyàn ni àbí ilé, ọkọ̀ ni àbí ìwé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013. Kọ̀ǹpútà a máa ṣìnà, ṣùgbọ́n kò ṣì í tó ẹni tó kàn ń dá àbá.

Ní ti bí ọpọlọ ṣe ń se é: ní àsìkò REM, apá iwájú orí tó máa ń bi wá pé ṣé èyí ṣeé ṣe, a máa dákẹ́. Ibi tí ẹ̀rù ń gbé, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, á máa ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Apá tó ń ya àwòrán náà kò simi. Nítorí náà bàbá tó ti kú láti 1998 lè máa wa dáńfó ní Ọjọ́ọ̀ta, kí o wọ̀ ọ́, kí o sanwó, kó fún ọ ní ṣéńjì, kó má sì yà ọ́ lẹ́nu àfìgbà tí o bá jí. J. Allan Hobson àti Robert McCarley ní Harvard sọ ní 1977 pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìdí ọpọlọ ń ta iná sókè láìnídìí, apá òkè sì ń ṣe làálàá láti fi ìtàn so ó pọ̀. Mark Solms, ọmọ South Africa, kò gbà. Ní 1997 ó tẹ ìwé jáde nípa àwọn aláìsàn tí REM wọn kò yingin ṣùgbọ́n tí àlá ti tán lójú wọn pátápátá. Lára àwọn kan nínú wọn, ibi tó bàjẹ́ wà níwájú ọpọlọ, ní ọ̀nà tí ìfẹ́ àti ìwákiri ń gbà. Ẹni tí kò wá nǹkan mọ́ kò lálàá mọ́. Freud ì bá rẹ́rìn-ín.

Àwọn àbá tó wà lórí iṣẹ́ tí àlá ń ṣe pọ̀. Francis Crick, ọ̀kan lára àwọn tó ṣàwárí bí DNA ṣe rí, àti Graeme Mitchison ní 1983 sọ pé à ń lálàá kí a lè gbàgbé ni, kí ọpọlọ lè da pàǹtírí rẹ̀ nù. Àwọn mìíràn ní ó ń ràn wá lọ́wọ́ láti kọ́ ohun tuntun. Antti Revonsuo ní Finland sọ ní 2000 pé ìdánrawò ewu ni: ẹni tí ẹranko lé lójú àlá á mọ bí a ti ń sá nígbà tí ẹranko gidi bá dé. Mo fẹ́ràn èyí, torí ó kéré tán ó mọ̀ nípa màlúù. Ta ni màlúù kò lé rí lójú àlá nílẹ̀ yìí? Ta ni eégún kò lé? Calvin Hall, tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlá jọ ní Amẹ́ríkà, rí i pé ibi pọ̀ ju ire lọ nínú àlá àwọn òyìnbó náà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ fún wọn nípa ayé àti àwọn ọmọ aráyé. Mi ò rò pé ó di dandan kí àlá ní iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn náà la fi ń jó.

Èyí tó kàn wá jù ni ilé ìdáná: ibo ni ọpọlọ ti ń mú èèlò? Ohun tó wà nílẹ̀ nìkan ló ń lò. Ní 2000, Robert Stickgold àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbá géèmù Tetris, èyí tí à ń to búlọ́ọ̀kù tó ń já bọ́. Bí wọ́n ṣe ń sùn lọ, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń rí. Àwọn kan wà láàárín wọn tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́ débi pé wọn kò rántí pé àwọn gbá géèmù kankan rí, síbẹ̀ búlọ́ọ̀kù já bọ́ lójú àwọn kan nínú wọn náà. Kì í ṣe ohun àná nìkan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn a máa padà wá, a sì máa wá ní àwọ̀ mìíràn. Ẹni tí a bí ní afọ́jú kì í rí àwòrán lójú àlá: ohùn, òórùn, ìfọwọ́kàn àti adùn ẹnu ni tirẹ̀. Ìyá ọkọ tí a bá jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ tí a jẹ lówó èésú, àbúrò bàbá tí a kò lọ kí láti ìgbà ìsìnkú, gbogbo wọn wà nínú èèlò. Bí ẹ̀rù bá wá nílò ẹni tí yóò gbé abọ́ dání, ojú wọn ló máa mú.

Ara náà a máa bù tirẹ̀ sí ìkòkò. Ní 1958, William Dement àti Edward Wolpert wọ́n omi tútù sára àwọn tó wà nínú REM. Ó lé ní ìdáméjì nínú márùn-ún àlá tí omi wọ̀: òjò rọ̀, òrùlé ń jò. Ọmọ tó tọ̀ sílé, tó ní òun lá àlá pé òun wà lẹ́bàá igbó, kì í ṣe irọ́ ló ń pa, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sódì. Ìwádìí fi hàn pé inú oorun ìjìnlẹ̀, ṣáájú REM, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń tọ̀ sílé. Ẹní tó ti tutù ló ń wọnú àlá tó bá tẹ̀ lé e. Ibà náà ń ṣe tirẹ̀, ẹni tí ibà mú kò nílò ọ̀tá kó tó rí àlákálàá. Àwọn oògùn kan tún wà: mefloquine tí wọ́n fi ń dènà ibà, efavirenz tí àwọn tó ní kòkòrò HIV ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti propranolol tí wọ́n ń fún àwọn kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbogbo wọn la mọ̀ tó lè mú àlá le. Mélòó nínú àwọn tó ń jẹun lójú àlá ni ẹnikẹ́ni ti bi pé oògùn wo lẹ ń lò?

Ti ká sùn kí nǹkan tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀, ká lajú sílẹ̀ ká má lè pariwo, ká má lè gbé ọwọ́, kí òjìji kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Jouvet ti fún wa ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìdènà tó dí ọ̀nà mọ́ iṣan ara kò tíì ká kúrò nígbà tí ojú ti là, àlá náà kò sì tíì pa. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Oorun àìtó ń fà á, fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn ń fà á. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe eré, mi ò sì gba ẹni tó ń fi ẹni tó ṣe rí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn dókítà ọpọlọ nílẹ̀ wa kò fojú fo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2007, O. F. Aina àti O. O. Famuyiwa kọ̀wé lórí ogun òru, ìyẹn ìdààmú tó ń bá ènìyàn jà lójú oorun, nínú ìwé ìròyìn ìjìnlẹ̀ kan nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n to ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́ nípa rẹ̀: obìnrin ló ń ṣe jù, wọ́n ní ìjà wà láàárín ọkọ ayé àti ọkọ ọ̀run, wọ́n sì ní oúnjẹ ojú àlá ni wọ́n fi ń mú ènìyàn. Wọ́n wá fi í wé àwọn àìsàn oorun tí ìṣègùn mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé wọ́n tẹ́tí gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣàìsàn kí wọ́n tó sọ tiwọn.

Àìsàn oorun kan tún wà tí kò yẹ kó dúró dé ìsọjí. Ní 1986, Carlos Schenck àti Mark Mahowald ní Minnesota ṣàpèjúwe àwọn àgbàlagbà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ara wọn kì í rọ mọ́ nínú REM. Bíi ti ológbò Jouvet, ohun tí wọ́n bá ń lá ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á kan ẹ̀ṣẹ́, wọ́n á ta ìpá, wọ́n á fò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ọdún gorí ọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àrùn Parkinson tàbí irú rẹ̀ wá bá. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lu ìyàwó rẹ̀ látinú oorun, ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ.

Ó wá ku ìtumọ̀. Ní British Museum ní London, ìwé páípírọ́ọ̀sì kan wà láti Íjíbítì, tó ti lé ní 3,000 ọdún, tí wọ́n to àlá sí lẹ́sẹẹsẹ: èyí dára, èyí kò dára. Ẹni tó bá jẹ ẹran ọ̀nì lójú àlá, ire ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ará Íjíbítì jẹ ẹran ọ̀nì, ó yọ̀. Ọmọ Ìbàdàn jẹ ìrẹsì, ó gbààwẹ̀. Àwọn ìwé pélébé tí wọ́n ń tà ní gáréèjì lónìí àti àwọn ètò rédíò ìdájí kò tíì kúrò lójú ọ̀nà yẹn: ejò ni ọ̀tá, ìgbẹ́ ni owó, eyín tó yọ ni ọ̀fọ̀, aṣọ ilé-ìwé ni ìfàsẹ́yìn.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà délé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtàn kan tí àwọn àlùfáà sábà ń sọ nípa Ibn Sirin, ọmọ ìlú Basra tó kú ní nǹkan bí 729, ni pé ọkùnrin méjì wá bá a, àwọn méjèèjì lá àlá pé àwọn ń pe ìrun. Ó sọ fún ọ̀kan pé yóò lọ sí Mẹ́kà. Ó sọ fún èkejì pé wọn yóò mú un fún olè. Nígbà tí wọ́n béèrè ìdí, ó ní ojú àwọn méjèèjì lòun wò. Bí wọ́n bá gbé àlá tó ń dani láàmú lọ bá babaláwo, kò ní sáré sọ pé omi ni báyìí, igi ni báyìí. Ifá ni yóò dá sí i, ẹni tó lá a ni Ifá yóò sì bá wí. Ọmọ tó bá ń lálàá pé òun ń bá àwọn ọmọ kan ṣeré létí odò, wọ́n lè ní kí ìyá rẹ̀ fi àkàrà, ìrèké àti àádùn ṣe sàárà fún àwọn ọmọdé. Ohun yòówù kó wà nídìí rẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò jẹun.

Mi ò sì ní fi ẹ̀gàn kan àlá tó ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Àlá àti ìran wà nídìí ìjọ Aládùúrà: ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn tó pa ènìyàn yíká ayé, àti ní Èkó ní 1925, nígbà tí ìran ọmọbìnrin kan, Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, mú kí wọ́n ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé, tí Kérúbù àti Séráfù fi bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1920, Otto Loewi ní Austria lá àlá bí òun ṣe lè dán ọ̀rọ̀ kan wò lára ọkàn ọ̀pọ̀lọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lóru, kò rí i kà láàárọ̀. Àlá náà padà wá lóru kejì, ó sì dìde lọ sí yàrá ìwádìí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; ohun tó rí níbẹ̀ ló gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1936. Ọdún bíi mẹ́tàdínlógún ni ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn rẹ̀. Èèlò ti wà nílẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn atúmọ̀ àlá jà ni ibi tí àlá ti di ẹlẹ́rìí. Obìnrin kan rí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń fún un ní ẹran lójú àlá. Wòlíì ní ohun tó ń jẹ oyún rẹ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà tó sùn sí yàrá kejì, tí kò mọ̀ pé wọ́n se oúnjẹ lórúkọ òun, á jí bá ilé tí ọmọ ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn nílẹ̀ Nàìjíríà, abala 210, sọ pé ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹnìkejì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura; mélòó ló mọ̀? Ti ọmọdé ló burú jù. David Foulkes, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jí àwọn ọmọdé lóru láti gbọ́ àlá wọn, rí i pé ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kì í sábà ní nǹkan sọ, bó bá sì ní, kì í gùn: ẹran kan dúró, òun ń sùn. Bí mo bá gbọ́ pé ọmọ irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ jẹ́wọ́ ìpàdé lórí igi, pẹ̀lú alága àti ẹni tó ń pín ẹran, ẹni tó ń bi í léèrè ni mo máa ń fura sí.

Hádíìsì kan wà tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn náà yá lò: ẹni tó bá lá àlá burúkú, kó fẹ́ atẹ́gùn itọ́ sí apá òsì lẹ́ẹ̀mẹta, kó wá ààbò lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kó yí ẹ̀gbẹ́ padà, kó má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè tó fún àlá ẹ̀ẹ̀kan. Àlákálàá tó ń padà wá lálaalẹ́, bíi ti àwọn tí wọ́n fipá bá lò tàbí tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé, ń fẹ́ ju ìyẹn lọ. Barry Krakow àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2001 lórí 168 obìnrin tí wọ́n ti fipá bá lò. Wọ́n kọ́ apá kan nínú wọn láti kọ àlá náà sílẹ̀ lọ́sàn-án, kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n wá máa fi ọkàn wo tuntun náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan lójoojúmọ́. Ìpàdé mẹ́ta péré ni. Àlákálàá wọn dín kù gan-an, oorun wọn sì dára sí i, ju ti àwọn tí kò tíì gbà á lọ.

Ó ṣeé ṣe lórí oúnjẹ náà. Ẹni tí wọ́n ń gbé abọ́ fún lálaalẹ́ lè kọ ọ́ sórí bébà lọ́sàn-án pé òun ti yó, tàbí pé òun béèrè lọ́wọ́ ìyá náà ohun tó fi sí i, ó sì dá òun lóhùn. Ó lè kọ ọ́ pé òun jókòó, òun jẹ ẹ́ tán, òun sì ní kí wọ́n bù sí i. Krakow kò yan ìparí fún àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Bó bá ṣe wu kálukú ni wọ́n ní kó yí i padà.